Òkú Kì Í Wa Mọ́tò

Ohun tí mo rí láàárọ̀ Jímọ̀ nìyí, bí ojú mi ṣe kàn wọ́n tẹ̀léra. Iná ilé ìdáná tó ń tàn. Búùtà àlùwàlá tó kún dẹ́nu. Ẹní ìkírun tí a ti tẹ́ síbi tí a máa ń tẹ́ ẹ sí, kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Sálúbàtà méjì tó kọjú sí ọ̀nà balùwẹ̀. Tẹ̀sùbáà lórí ìrọ̀rí. Lẹ́yìn náà, Ìyá Wàhídì fúnra wọn, lórí ibùsùn, wọ́n fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, wọ́n fọwọ́ rọ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo pè wọ́n. Mo tún pè wọ́n. Nígbà tí wọn ò dáhùn, mo fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, nítorí àwọn fúnra wọn ló kọ́ mi pé ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń tutù. Ó ti tutù.

Bí ìyá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin bá jẹ́ Mùsùlùmí, tó sì kú sí Dallas tàbí àyíká rẹ̀ láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ Ìyá Wàhídì ló kẹ́yìn lára rẹ̀. Rokibat lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n ta ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀? Ilé àwọn arúgbó ni wọ́n ti ń fọṣọ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Òkú àwọn obìnrin wa ni wọ́n ń wẹ̀, wọn kì í gba nǹkan kan. Èmi tí mo ń gbé yàrá kejì nínú apátíméǹtì wọn, tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ní Lancaster, èmi ni mo máa ń bu omi fún wọn.

Wọn kì í fọwọ́ kan òkú kí wọ́n tó kí i. Wọ́n á dúró lápá ọ̀tún, wọ́n á tẹ orí ba: “Ẹ kú ìrìn o, Ìyá. Èmi Rokibat nìyí, ọmọ yín Hafsah nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ gbé apá yín.” Wọ́n á kọ́kọ́ da omi sí ìgbọ̀nwọ́ ara wọn, bí ẹni tó fẹ́ wẹ ìkókó. Mo bi wọ́n nígbà kan bóyá òkú mọ omi tútù yàtọ̀ sí gbígbóná.

“Èmi ò mọ̀,” ni wọ́n wí. “Ìwọ náà ò mọ̀. Nítorí náà, jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́.”

Níbo là ń lò tẹ́lẹ̀? Ẹ̀yìn ilé olókùú kan ni, ilé iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú òkú kí wọ́n tó sin ín, níbi tí bàbá òyìnbó kan ti yọ̀ǹda yàrá fún wa. Bàbá náà ta ilé, ẹni tó rà á ní òun ò ṣe irú rẹ̀. Ni àwọn ará mọ́ṣáláṣí wa bá kọ́ yàrá ìwẹ̀kú tiwa sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, nínú ìlú kékeré tó lẹ̀ mọ́ Dallas níhà gúúsù. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà; ẹni tó ń gbébẹ̀ ti mọ̀. Tábìlì irin wà níbẹ̀, ihò omi wà nílẹ̀, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná wà lára ògiri. Ìyá Wàhídì ló dúró ti àwọn oníṣẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ omi síbi tí kò yẹ. Wọ́n ní kí wọ́n gbé e sápá ibi ẹsẹ̀, kí ọwọ́ ẹni tó ń wẹ òkú má baà máa kọjá lójú òkú. Ta ló tún máa ro irú èrò yẹn?

Yàrá parí. Lójú ẹsẹ̀ ni ìlú lẹ ìwé pupa mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé. Òfin ìlú sọ pé ilé tí a bá ti ń tọ́jú òkú gbọ́dọ̀ ní àyè páàkì mọ́tò tó pọ̀, ó ju èyí tí gbogbo mọ́ṣáláṣí wa ní lọ. Òfin tí wọ́n ṣe fún ilé olókùú ńlá, níbi tí ọgọ́rùn-ún èèyàn ti ń wá jókòó wo posí, ni wọ́n gbé ka yàrá tí obìnrin mẹ́ta ti ń wẹ obìnrin kan. Ẹnìkan ṣoṣo ló lè yọ ìwé pupa yẹn, ìgbìmọ̀ ìlú ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa fúnra wa kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìgbìmọ̀ kékeré kan wà tó ń yẹ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ilé wò, tó ń gba ìgbìmọ̀ ìlú nímọ̀ràn. Lọ́dún tó kọjá, ìgbìmọ̀ ìlú yan Bọ̀ọ̀dá Olúmidé sínú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ilé wọn tóbi, wọ́n sì mọ èèyàn. Gbogbo wa la yọ̀, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì. A gbàdúrà fún wọn ní mọ́ṣáláṣí. Ìyá Wàhídì ṣe mọ́sà, èmi ni mo gbé e lọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yàrá ìwẹ̀kú máa dé iwájú ìgbìmọ̀ kékeré yẹn, Alfa Zakariyya tó jẹ́ alága mọ́ṣáláṣí wa dìde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọ́n ní, “Ẹ má lọ rọ́ síbẹ̀ bí ẹni ń lọ jà o. Ọmọ wa wà níbẹ̀. A ní ẹnìkan nílé ẹjọ́, ẹjọ́ wo ló tún máa dá wa lẹ́bi? Ẹ má jẹ́ kí ojú ó ti ọmọ wa.”

A gbọ́ràn. A jókòó sílé, kí ojú má baà ti ọmọ wa. Àwọn tí kò fẹ́ yàrá náà ò jókòó sílé ní tiwọn. Wọ́n kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ọ̀kan ní òórùn máa wà. Ọ̀kan ní omi òkú máa ṣàn wọ inú odò. Ọ̀kan ní owó ilé òun máa já wálẹ̀. Nígbà tó kan kí wọ́n dìbò, ọmọ wa dìde, wọ́n ní nítorí pé Yorùbá làwọn, àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àwọn ṣe ojúsàájú, wọ́n sì jáde lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìbò pín sí méjì ọgbọọgba. Ẹyọ ìbò kan tó kù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń mu kọfí.

Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n jáde. Mo ti bi àwọn tó mọ òfin léèrè. Yàrá yẹn kì í ṣe tiwọn, mọ́ṣáláṣí kì í ṣe tiwọn, wọn kì í tilẹ̀ ṣe Mùsùlùmí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó bá jọ wá ò gbọdọ̀ dìbò fún wa, ṣé ẹni tó jọ àwọn tó kórìíra wa náà jáde síta ni?

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe dé iwájú ìgbìmọ̀ ìlú láìsí ìmọ̀ràn kankan. Ìyá Wàhídì ní àwọn á lọ fúnra wọn. Nínú mọ́tò, ọmọ wọn Wàhídì ló ń wakọ̀, èmi wà lẹ́yìn.

“Hafsah,” ni wọ́n wí, “gbogbo òkú tí mo ti wẹ̀, kò sí ọ̀kan tó bi mí pé níbo lòun máa páàkì sí.”

“Màámi, ẹ má lọ sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ o,” ni Wàhídì fèsì.

“Kí ló dé? Irọ́ ni?”

“Kì í ṣe irọ́. Wọn ò ní rẹ́rìn-ín ni.”

“Ẹni tí kò lè rẹ́rìn-ín, òun lẹ ní kó máa ṣèlú fún yín.”

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì dé ibẹ̀ rí, ó mọ́ tónítóní. Àwọn ìgbìmọ̀ jókòó sórí pèpéle, omi inú ike wà níwájú oníkálukú. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á dúró nísàlẹ̀ nídìí gbohùngbohùn, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún un, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá pé, aago á dún. Kí ó tó kàn wá, wọ́n fàṣẹ sí ilé ìtajà kan tí wọ́n á ti máa wẹ ajá. Ọkùnrin tó ni í ṣàlàyé bí omi ṣe máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún àwọn ajá. Jonathan, aṣojú àdúgbò wa, béèrè bóyá wọ́n á máa wẹ ológbò náà, gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, ó parí. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè páàkì. Mi ò bínú sí ajá. Ajá náà yẹ lẹ́ni tí à ń wẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé, àwa ńkọ́?

Wọ́n pe Ìyá Wàhídì. Wọ́n dé ìdí gbohùngbohùn, wọ́n kúnlẹ̀. Àgbàlagbà, orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú àwọn èèyàn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré sí ọmọ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn, Wàhídì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kí mẹ́yọ̀, olórí ìlú, kú ìrọ̀lẹ́. Wàhídì túmọ̀. Wọ́n kí gbogbo wọn kú ìjókòó, kú iṣẹ́ ìlú, kú ìfaradà. Wàhídì túmọ̀. Wọ́n ní àwọn ará ilé wọn ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Wàhídì túmọ̀, mo rí i tó ń wo aago. Wọ́n ṣàdúrà pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ìlú bàjẹ́ mọ́ wọn lórí. Wàhídì ń túmọ̀ èyí lọ́wọ́ nígbà tí aago dún.

Mẹ́yọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìyá Wàhídì náà dúpẹ́. Wọn ò dìde. Wọ́n wà lórí orúnkún, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń retí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń retí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àlejò tó kí onílé, onílé ló kù tó máa sọ pé: ẹ káàbọ̀, kí ló gbé yín wá? Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa já lu ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bi í. Wọ́n rò pé aago tó dún yẹn, ìdáhùn ìkíni wọn ni.

Akọ̀wé pe orúkọ ẹni tó kàn.

Wàhídì fà wọ́n dìde. Jonathan ní kí wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé mìíràn kí àwọn lè tún yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, ó parí.

Bí mọ́tò wa ṣe bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀, Ìyá Wàhídì kọjú sí ọmọ wọn. “Wàhídì, wọn ò bi mí o.”

“Màámi, wọn kì í bi èèyàn níbẹ̀.”

“Wọn kì í bi àlejò pé kí ló gbé e wá? Kò sí ìyá nílé wọn ni?”

“Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún yín, ìkíni lẹ fi ná an.”

“Kí ni kí n wá fi ṣe? Kí n wọlé, kí n máa pariwo òkú mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lórí, ní ìrọ̀lẹ́, láì kí i?” Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Kò burú. Tí wọ́n bá tún pè mí, màá kí wọn kí n tó wọlé, látẹnu géètì.”

Wọ́n sún un. Wọ́n tún un sún. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Wàhídì ń di irun mi, wọ́n ní, “Hafsah, tó bá kan èmi, yàrá tiwa yẹn ni kẹ́ ẹ ti wẹ̀ mí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mí sínú yìnyín. Lọ́jọ́ náà ni kẹ́ ẹ wẹ̀ mí, kẹ́ ẹ kírun sí mi lára, kẹ́ ẹ sin mí. Omi kó lọ́ wọ́ọ́rọ́.” Ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ayé nìyẹn. Ohun tí wọ́n ti ṣe fún gbogbo ìyá wa ni wọ́n ní ká ṣe fún àwọn.

Láàárọ̀ Jímọ̀ yẹn, àwọn oníṣègùn tí a pè wá wò wọ́n ní kí ilé olókùú wá gbé wọn. A ò lè wẹ̀ wọ́n nílé. Òkè ni à ń gbé, balùwẹ̀ wa ò gba èèyàn méjì. Wàhídì lọ bá Alfa Zakariyya níwájú yàrá ìwẹ̀kú, mo tẹ̀lé e. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Alfa. Ìwé pupa wà lára ilẹ̀kùn, oòrùn ti mú kó ṣá.

“Alfa, ẹ ṣí i fún mi. Wákàtí méjì péré.”

“Wàhídì, tí mo bá ṣí i, wọ́n á ti gbogbo mọ́ṣáláṣí. Ọ̀rọ̀ wa tún wà níwájú wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.”

“Ìyá mi ló wẹ ìyá yín.”

Alfa Zakariyya wo ilẹ̀. Omi ń jáde lójú wọn, kọ́kọ́rọ́ ò jáde lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ ká pe ọmọ wa.”

Wọ́n pè é, gbogbo wa gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù. Bọ̀ọ̀dá Olúmidé ní Ọlọ́run á tẹ́ ìyá sí afẹ́fẹ́ rere. Wọ́n ní àánú wa ṣe àwọn. Wọ́n ní ṣùgbọ́n ètò ni ètò, kí a má bà á jẹ́ nígbà tó kù díẹ̀. “Ṣé ẹ ò lè ní sùúrù di ọjọ́ Ìṣẹ́gun?”

“Bọ̀ọ̀dá,” ni Wàhídì wí, “ta ló máa ní sùúrù? Èmi ni, àbí ìyá mi?”

Bọ̀ọ̀dá Olúmidé ní àwọn wà ní ìpàdé, àwọn á pè wá padà. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò tíì pè.

A wá yàrá kiri. Ibì kan ní àwọn ò ṣe é. Ibì kan ò gbé fóònù. Ẹyọ kan ṣoṣo tó gbà, ọ̀nà Denton ni, wọn kì í sì í ṣí ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ó di ọjọ́ Ajé. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó bẹ̀ wá pé ká má fi òun sínú yìnyín ṣe lo òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀ nínú yìnyín, nígbà tí yàrá tí òun fúnra rẹ̀ yan ibi tí ẹ̀rọ omi máa wà nínú rẹ̀ wà níbẹ̀ ní títì, tábìlì rẹ̀ ń dán, ẹ̀rọ omi gbígbóná rẹ̀ wà lára ògiri.

Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti obìnrin méjì la wẹ̀ wọ́n. Mi ò ní sọ ohun tí mo rí. Ìyá Wàhídì kọ́ mi pé ojú ẹni tó ń wẹ òkú ò gbọdọ̀ ní ẹnu, ohun tó bá rí lára òkú, ó di sàréè. Mo gbà, màá pa á mọ́. Ṣùgbọ́n omi kì í ṣe ara òkú, mo lè sọ ti omi. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, a ṣí i, a dúró tì í, a tún dúró. Kò gbóná. Ẹni tó ni ibẹ̀ kan ilẹ̀kùn pé àwọn míì ń bọ̀. Mo da á sí ìgbọ̀nwọ́ mi. Lẹ́yìn náà mo dúró lápá ọ̀tún, mo tẹ orí ba, mo kí wọn. Mo ní, “Ẹ kú ìrìn o, Ìyá. Hafsah nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, omi yìí tutù.”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú. Jonathan ò wá. Àwọn méjì míì ò wá. Mẹ́yọ̀ ní wọn ò pé iye tó yẹ, kí gbogbo ọ̀rọ̀ di oṣù tó ń bọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa pé a wá.

Ta ló jẹ̀bi? Mo mọ̀ pé wọ́n á ní kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, òfin ni, ètò ni, iye ni kò pé. Bó ṣe rí nìyẹn níbi tí gbogbo ọwọ́ bá ti gòkè lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ ò lè mọ ọwọ́ tó pani. Èmi wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Jonathan, ìwọ lo ní kí wọ́n sún un nígbà àkọ́kọ́, ìwọ náà lo ní kí wọ́n tún un sún. Dìde níwájú àwa tí a ń gbé àdúgbò tí ò ń ṣojú fún, kí o sọ iye àyè páàkì tí òkú obìnrin kan nílò. Mẹ́yọ̀, sọ fún wa ìdí tí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fi yẹ ajá. Alfa, kọ́kọ́rọ́ yẹn wúwo lọ́wọ́ yín, mo rí i; ẹ jẹ́ kó wúwo sí i. Bọ̀ọ̀dá Olúmidé, ẹ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹ ò bá ní dìbò níbi tí a ti nílò yín, ẹ fi àga sílẹ̀ fún ẹni tí kò jọ wá, kí á lè mọ̀ pé a ò ní ẹnìkan, kí á sì lọ kún ibẹ̀ bí àwọn yòókù.

Mi ò rò pé wọ́n á dáhùn. Mi ò rò pé ìwé pupa yẹn máa kúrò lára ilẹ̀kùn lóṣù tó ń bọ̀, tàbí oṣù tó tẹ̀lé e. Ìyá ẹlòmíràn máa kú kó tó kúrò, ó lè jẹ́ ìyá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí. Kò sì sí Ìyá Wàhídì mọ́ tó máa kí i.

Síbẹ̀, màá lọ. Màá dúró nídìí gbohùngbohùn. Mi ò ní kúnlẹ̀, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni, kí ìyá tó bí mi forí jì mí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, gbogbo rẹ̀ ni màá fi sọ ohun tó gbé Ìyá Wàhídì wá, tí ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n. Kí akọ̀wé kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá gbé ọwọ́ sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí á lè mọ ọwọ́ ta ni.

Kí ó sì kọ aago sílẹ̀, nígbà tó ti jẹ́ pé aago ni wọ́n fẹ́ràn. Ìyá Wàhídì kú láàárọ̀ Jímọ̀, kí àsùbáà tó wọlé. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni wọ́n tó rí ilẹ̀ dùbúlẹ̀ sí.